Òdòdó túlípù tí wọ́n ń tà lórí fóònù kò ní òdodo nínú

Àbúrò mi obìnrin pè mí láti Ìbàdàn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ohùn ẹ̀ ti yàtọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ lọ́yà ni mo fẹ́ bá yín sọ." Àyà mi já. Mo ti rò pé lándílọ́ọ̀dù ló ní kó kó jáde. Àṣé òdòdó ni.

Ó rí àwòrán túlípù lórí fóònù: pupa, yẹ́lò, funfun, búlúù, kódà èyí tó ní gbogbo àwọ̀ òṣùmàrè lórí òdòdó kan ṣoṣo. Òǹtajà ní kóró rẹ̀ lòun ń tà, pé níbikíbi ní Nàìjíríà, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló máa fi tanná. Àbúrò mi san ₦18,000. Ó gbìn ín sínú ìkòkò mẹ́rin níwájú fúláàtì ẹ̀, ó ń bomi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Nígbà tó fi máa pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ohun tó hù jáde ni tẹ̀tẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni o, tẹ̀tẹ̀ tá a fi ń se ẹ̀fọ́. Aládùúgbò ẹ̀ tiẹ̀ ti ń bi í pé èló ló máa tà á.

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà inú bí mi. Owó yẹn dùn mí, àmọ́ irọ́ tí wọ́n pa fún un dùn mí jù ú lọ, torí irọ́ tó rọrùn láti já ni. Ẹ jẹ́ ká já a.

Túlípù kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ ooru. Orí àwọn òkè Àárín Gbùngbùn Éṣíà ló ti wá, níbi tí òtútù ti máa ń mú gan-an, tí yìnyín máa ń bo ilẹ̀. Àwọn ará Tọ́kì mú un wọ ọgbà ọba wọn, kó tó tàn ká Yúróòpù. Ní 1593, onímọ̀ ewéko kan, Carolus Clusius, gbìn ín sí ọgbà yunifásítì Leiden ní Netherlands. Ó tanná lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Lónìí, nǹkan bíi mílíọ̀nù 7 òdòdó ni wọ́n ń gbìn lọ́dọọdún sí ọgbà Keukenhof lórílẹ̀-èdè yẹn, nítorí bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ péré tí èrò máa fi wá wò ó.

Kì í ṣe kóró ni wọ́n ń gbìn níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ rí roboto, orí rẹ̀ ṣóńṣó, ó ní èèpo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi ti àlùbọ́sà. Ẹ jẹ́ ká kúkú máa pè é ní àlùbọ́sà òdòdó. Túlípù ní kóró lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó bá gbin kóró rẹ̀ lè dúró tó ọdún 5 sí 7 kó tó rí òdòdó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kẹ̀?

Inú àlùbọ́sà yẹn ni òdòdó ti ń sùn, òtútù ló sì ń jí i. Ó gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù tí kò ju bíi 9°C lọ fún ọ̀sẹ̀ 12 sí 16. Ìbàdàn wo lẹ ti fẹ́ rí ìyẹn? Ọyẹ́ Jọ́ọ̀sì pàápàá kì í mú pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ti àwọ̀ ńkọ́? Kò sí túlípù búlúù gidi. Èyí tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, àwọ̀ àlùkò ni. Èyí tí wọ́n ń pè ní dúdú, bíi Queen of Night, àwọ̀ wáìnì tó ṣú ni. Ti òṣùmàrè yẹn, kọ̀ǹpútà ló gbìn ín.

Mo mọ̀ bí òdòdó yìí ṣe ń rí, torí mo ti gbìn ín rí. Nígbà tí mo ń ka másítà ní Manchester, màmá Ìjẹ̀bú kan ló ń gbé ilé tó kángun sí tèmi. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù kọkànlá, tí òtútù ń gé wa létí, mo bá wọn níbi tí wọ́n kúnlẹ̀ sí lẹ́yìnkùlé.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Mummy. Kí lẹ ń gbìn nínú òtútù yìí?"

"Túlípù ni, lọ́yà. Wá bá mi gbẹ́lẹ̀, ìwé ẹ ò ní sá lọ."

Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́ ọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Gẹ̀ẹ́sì, tiyín nìyí. Ẹ gbìn ín nínú oṣù kọkànlá, torí òtútù ìgbà yẹn máa ń dín àrùn inú ilẹ̀ kù. Ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó ìlọ́po mẹ́ta gíga àlùbọ́sà náà, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, kẹ́ ẹ kọ orí ṣóńṣó rẹ̀ sókè. Ibi tí oòrùn ń dé ni kẹ́ ẹ wá. Ilẹ̀ tí omi ń dúró sí máa jẹ́ kó jẹrà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí àwọ̀ pọ̀, kó sì pẹ́, ẹ da èyí tó ń tètè tanná pọ̀ mọ́ èyí tó ń pẹ́. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì onírin bo ilẹ̀, torí ọ̀kẹ́rẹ́ ibẹ̀ olè ni. Mummy ní wọ́n ti hú tàwọn jẹ rí.

Nígbà tó di oṣù kẹrin, pupa yọ, yẹ́lò yọ, Queen of Night wá tẹ̀ lé wọn. Mo fẹ́ gé gbogbo ewé rẹ̀ kúrò lẹ́yìn tí òdòdó rẹ̀ rọ. Mummy gbá mi lọ́wọ́. Orí òdòdó nìkan ni wọ́n ń gé. Ewé máa wà níbẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà títí á fi pọ́n, torí òun ló ń bọ́ àlùbọ́sà náà de ọdún tó ń bọ̀.

Ká sòótọ́, ẹni tó bá rí àlùbọ́sà túlípù gidi rà ní Nàìjíríà lè fi í sínú fíríìjì fún ọ̀sẹ̀ 12 sí 16, kó má jẹ́ kó wà nítòsí ápù tàbí èso mìíràn, torí gáàsì tó ń jáde lára èso tó ń pọ́n lè ba òdòdó inú rẹ̀ jẹ́. Àmọ́ iná dà? Tí iná bá tiẹ̀ wà, ooru ò ní jẹ́ kó pẹ́ níta.

Ìtàn rà-kó-o-tó-rí túlípù ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní Netherlands láyé ọjọ́un, àwọn èèyàn ń ta àlùbọ́sà òdòdó tó ṣì wà nínú ilẹ̀ fúnra wọn ní owó gegere. Èyí tó ní ìlà aláràbarà lára ló wọ́n jù, bẹ́ẹ̀ sì rèé, fáírọ́ọ̀sì ló ń fa ìlà yẹn. Ní oṣù kejì 1637, ọjà náà dojú dé. Ìjà pọ̀ títí tí àwọn aláṣẹ ìlú Haarlem fi sọ lọ́dún 1638 pé ẹni tó bá fẹ́ yọ ara ẹ̀ nínú àdéhùn lè san 3.5% iye owó náà.

Àwa ní òfin tó ṣe kedere jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin FCCPA ti 2018 sọ pé ọjà tí wọ́n fi àpèjúwe tà gbọ́dọ̀ bá àpèjúwe náà mu. Tí kò bá bá a mu, oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ láti dá a padà. Torí náà, ẹ tọ́jú àwòrán ìpolówó, ẹ tọ́jú rìsíìtì àti ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ jọ sọ. Ẹ kọ̀wé sí òǹtajà, tí kò bá dáhùn, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àjọ FCCPC. Ẹni tó bá sì ní láti òkè òkun lòun ti kó o wọlé, ẹ ní kó fi ìwé àṣẹ NAQS hàn yín, torí ewéko kì í ṣàdédé wọ̀lú.

Tó bá sì jẹ́ òdòdó tó ń dán lẹ ń wá, ó wà nílé. Igi òrúrù wa ni òyìnbó ń pè ní túlípù Áfíríkà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í ṣe ẹbí. Òdòdó rẹ̀ pupa bí iná. Kẹ́ ẹ ṣáà má gbìn ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, torí ó ń ga, ẹ̀ka rẹ̀ sì tètè ń ya.

A ti kọ lẹ́tà sí òǹtajà yẹn, a ń retí èsì. Àbúrò mi ti já tẹ̀tẹ̀ ẹ̀, ó fi se ẹ̀fọ́, ó ní ó dùn. Mo ní ẹ̀fọ́ ₦18,000, ó yẹ kó dùn.