Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ: Pípín ilẹ̀ àti ohun amáyédẹrùn ní Kétu

1. Ìbéèrè

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ra ilẹ̀ kan ní ẹ̀yìn ìlú Kétu, ní àdúgbò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pín. Ohun gbogbo bá òfin mu: òkúta ààlà wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nọ́ńbà parcelle wà nínú ìwé, ọ̀nà sì tọ́ lórí àwòrán. Ó kọ́ yàrá méjì, ó kó wọlé. Láti ìgbà náà, alùpùpù ló ń gbé bidon omi wá fún un. Wáyà iná tí òun àti àwọn aládùúgbò jọ dá owó fà láti òpó tó jìnnà ni wọ́n ń lò. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń fẹsẹ̀ la àdúgbò méjì kọjá kí wọ́n tó dé ilé ẹ̀kọ́. Kò sí ẹni tó rú òfin nínú ọ̀rọ̀ yìí, òun ló sì mú mi béèrè: báwo ni ìlú ṣe lè fọwọ́ sí àdúgbò tuntun láì kọ́kọ́ wò ó bóyá omi, iná àti ilé ẹ̀kọ́ wà fún àwọn tí yóò gbé ibẹ̀?

Ní àwọn ibòmíràn, òfin ló pàṣẹ pé kí a wò ó. Mo fẹ́ ṣàlàyé ìlànà náà, ibi tó ti kọsẹ̀, àti ibi tó yẹ kí a gbé e sí bí a bá fẹ́ lò ó ní Kétu.

2. Bí ìlànà náà ṣe ń ṣiṣẹ́

Ẹni tó bá fẹ́ pín ilẹ̀ fún ilé kíkọ́ yóò gbé àwòrán rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, wọn yóò ṣírò omi tí ẹ̀rọ lè pèsè lójúmọ́, èyí tí àwọn tó wà nílẹ̀ ń lò, àti èyí tí àwọn tó ń bọ̀ yóò lò. Wọn yóò ṣe bákan náà fún yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, ọ̀nà àti ojú àgbàrá. Bí ó bá tó, wọn yóò fọwọ́ sí i. Bí kò bá tó, olúwarẹ̀ lè dín iye ilẹ̀ tó fẹ́ pín kù, ó lè fi owó ara rẹ̀ pèsè ohun tó kù, tàbí kí ó dúró di ọdún tí ìjọba ti kọ sínú ètò ìnáwó pé òun yóò pèsè rẹ̀. Nítorí náà, ìlànà yìí de ìjọba bí ó ṣe de onílẹ̀. Ìjọba tí ètò rẹ̀ kò ní ọjọ́ kò yẹ kí ó sọ fún ẹnikẹ́ni pé kí ó dúró.

Ìlú Ramapo, ní ìpínlẹ̀ New York ní Amẹ́ríkà, ló sọ ìlànà yìí di olókìkí. Ní 1969, wọ́n ṣe òfin tó ń fún ètò kọ̀ọ̀kan ní máàkì lórí ohun márùn-ún: ọ̀nà omi ìdọ̀tí, ojú àgbàrá, ọgbà ìgbafẹ́ pẹ̀lú ilé ẹ̀kọ́, ọ̀nà ọkọ̀, àti ilé iṣẹ́ panápaná. Ẹni tí máàkì rẹ̀ kò bá pé 15 yóò dúró. Ìlú náà sì ní ètò ọlọ́dún 18 láti pèsè nǹkan wọ̀nyí. Àwọn onílẹ̀ pe ìlú lẹ́jọ́, ṣùgbọ́n ní 1972, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà dá ìlú láre. Ẹ kíyè sí i pé òfin náà kò dí ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé kan ṣoṣo sórí ilẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn tó ń gé ilẹ̀ sí wẹ́wẹ́ ló dojú kọ.

Ní 1985, ìpínlẹ̀ Florida sọ irú ìlànà bẹ́ẹ̀ di dandan fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀. Orí ọ̀nà ọkọ̀ ni àbùkù rẹ̀ ti hàn jù. Ọ̀nà àárín ìlú ti kún, ti ẹ̀yìn ìlú ṣì ṣófo, nítorí náà àwọn tó ń kọ́lé tà gba ẹ̀yìn ìlú lọ. Ní 2011, wọ́n sọ ti ọ̀nà, ilé ẹ̀kọ́ àti ọgbà ìgbafẹ́ di ohun tí ìjọba ìbílẹ̀ lè lò tàbí kí ó fi sílẹ̀. Ti omi mímu ṣì jẹ́ dandan.

3. Bí ilẹ̀ ṣe ń di àdúgbò lọ́dọ̀ wa

Nígbà ìkànìyàn 2002, bí 100,000 ènìyàn ló wà ní kọ́múnù Kétu. Ní 2013, wọ́n ti lé ní 150,000. Orí òkè pẹrẹsẹ ni a wà, omi abẹ́ ilẹ̀ jìn, kànga gbígbẹ́ kì í sì í ṣe iṣẹ́ olówó kékeré. Ẹni tí páìpù kò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ yóò máa ra omi ni.

Òfin 97-029 ti ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní 1999 fi ètò pípín ilẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti omi mímu sínú iṣẹ́ kọ́múnù. Òfin 2021-14 ti ọjọ́ 20 oṣù kejìlá 2021 ti rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n SONEB ló ń fa páìpù nínú ìlú, SBEE ló ń ri òpó iná, iléeṣẹ́ ìjọba orílẹ̀-èdè sì ni àwọn méjèèjì. Ọwọ́ kan ń fa ìlà, ọwọ́ mìíràn ń fa páìpù. Mairie lè fọwọ́ sí lotissement lónìí, kí páìpù dé lẹ́yìn ọdún gbọọrọ.

Ohun mìíràn tún wà. Lọ́dọ̀ wa, ìdílé sábà máa ń ta ilẹ̀ kí lotissement tó dé. Ẹni tó rà á lè ti máa gbé ibẹ̀ nígbà tí géomètre bá dé. Wọn yóò gé díẹ̀ kúrò lára ilẹ̀ oníkálukú fún ọ̀nà, àti fún ilé ẹ̀kọ́, ọjà àti ilé ìwòsàn. Ilẹ̀ ìkẹyìn yìí ni à ń pè ní réserve administrative. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé àwọn ènìyàn wọ̀nyí ti san owó ohun amáyédẹrùn ṣáájú: ilẹ̀ ni wọ́n fi san án. Bí réserve bá wá di ti ẹlòmíràn, ẹ̀tọ́ wọn ni a jẹ.

4. Ibo ni ká ti béèrè?

Àwọn kan yóò ní ìgbà tí ènìyàn bá wá gba permis de construire ni kí a béèrè. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ni a kọ́ láì gbà á, nítorí náà ẹni tó pa òfin mọ́ nìkan ni ìyà yóò jẹ. Ẹni tí a bá sì dá dúró níbẹ̀ ti ra ilẹ̀ tán, ó ti ra símẹ́ǹtì. Àwọn baba wa mọ odi, wọ́n gbẹ́ yàrà yí Kétu ká, ẹnu ọ̀nà Akaba Idena sì wà níbẹ̀ di òní. Ẹnu ọ̀nà ni a ti ń bi àlejò léèrè ọ̀rọ̀, a kì í dúró di ìgbà tó bá ti tẹ́ ẹní sí yàrá. Lotissement ni ẹnu ọ̀nà tiwa.

Mo dábàá ohun mẹ́ta. Èkíní, kí ìwé ìṣirò wà nínú fáìlì lotissement kọ̀ọ̀kan: ènìyàn mélòó, omi tí ó tó báwo, yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ mélòó. Èkejì, kí SONEB àti SBEE fọwọ́ sí ìwé tó ní ọjọ́, kí a sì máa ṣí àdúgbò náà ní ìpele-ìpele bí páìpù bá ṣe ń dé. Àwọn tó ti ń gbé ibẹ̀ ni kí ó ṣáájú, a kò gbọdọ̀ lé wọn. Ẹ̀kẹta, kí a lẹ nọ́ńbà gbogbo réserve mọ́ ògiri mairie níbi tí gbogbo ènìyàn yóò ti rí i. Omi ni kí a fi bẹ̀rẹ̀, torí ó wà lára ohun tí Florida kò fi sílẹ̀ nígbà tó ń dín àwọn kan kù.

Ìlànà yìí lè di ìnilára o. Bí a bá ń sọ pé “kò tó” láì dá ọjọ́ tí yóò tó, ilẹ̀ tó ti lómi yóò wọ́n, àwọn tí owó wọn kéré yóò sì lọ ra ilẹ̀ síbi tí géomètre kò tíì dé rárá. Ọjọ́ tí a bá dá ni yóò fi ìyàtọ̀ hàn láàárín ètò àti ìdènà.

Nígbà tí mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi gbẹ̀yìn, ó mú mi lọ sí igun kan ní àdúgbò wọn, níbi tí ẹnì kan gbin àgbàdo sí. Ó ní, “Àbúrò mi, ilé ẹ̀kọ́ wa rèé.” Mo wo àwòrán tó wà lọ́wọ́ mi. Ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n kọ síbẹ̀ lóòótọ́.