Òkun kékeré nínú gíláàsì: ewéko ló ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ olówó ńlá

Ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ohun èlò ẹja òkun, tó ní òun fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kì í pẹ́ tó fi ń gbọ́ orúkọ ẹ̀rọ lóríṣiríṣi: èyí tó ń fi ìhó fa ìdọ̀tí jáde, èyí tó ń bu omi kún omi fúnra rẹ̀, èyí tó ń ka èròjà inú omi. Owó á ti tán lápò kí ọ̀rọ̀ tó kan ẹja. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn tó kọ́kọ́ sin ohun ẹlẹ́mìí òkun nínú ilé kò ní iná mànàmáná rárá. Ewéko òkun ni wọ́n lò.

Ní 1846, Anna Thynne, ìyàwó àlùfáà kan ní Westminster nílùú London, lọ sí Torquay létí òkun, ó sì kó iyùn òkun alààyè bọ̀ wálé nínú ìkòkò. Omi òkun kò sí ní ìtòsí, èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ní láti máa lò. Ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń da omi náà láti inú àwo kan sí òmíràn lẹ́bàá fèrèsé, lójoojúmọ́, kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀. (Ọmọ ọ̀dọ̀ yìí gan-an ni pọ́ǹpù, ìtàn ò sì sábà dárúkọ rẹ̀.) Lọ́dún kejì, Thynne kó ewéko òkun sínú omi náà. Àwọn iyùn náà lo nǹkan bí ọdún mẹ́ta, wọ́n sì pọ̀ sí i. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ̀ṣẹ̀ mú owó òde kúrò lórí gíláàsì ní 1845 ni, nítorí náà táńkì gíláàsì kò wọ́n bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Nígbà tó di 1854, Philip Henry Gosse ti kọ bí a ṣe lè fi iyọ̀ mẹ́rin péré po omi òkun nínú ilé. Iyọ̀ ọbẹ̀ ló pọ̀ jù nínú wọn.

Kí wá ni ewéko náà ń ṣe? Ẹja ń tú amóníà sómi, oúnjẹ tó ṣẹ́kù tó jẹrà náà ń tú u, amóníà sì ń pa ẹja. Bakitéríà kan á sọ ọ́ di náítíráìtì, májèlé lòun náà. Bakitéríà mìíràn á sọ ìyẹn di náítíréètì, tí oró rẹ̀ kéré gan-an sí ti àwọn yòókù. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń dúró sí nínú ọ̀pọ̀ táńkì: náítíréètì kò ríbi lọ, ó kàn ń pọ̀ sí i ni, àfi kí olówó rẹ̀ máa da omi nù kó sì máa ra iyọ̀ tuntun.

Ewéko òkun kì í fi gbòǹgbò mu oúnjẹ bíi ti ewéko oko. Gbogbo ara ló fi ń mu ún látinú omi, nítorí náà ọ̀pọ̀ nínú wọn kò nílò iyanrìn kankan nísàlẹ̀. Wọ́n ń mu amóníà kí bakitéríà tó débẹ̀, wọ́n ń mu náítíréètì àti fọ́sífétì, wọ́n sì ń fi wọ́n kọ́ ara. Tí wọ́n bá ti gbilẹ̀, ẹ mú sísọ́ọ̀sì, ẹ gé apá kan, ẹ kó o jáde. Ìdọ̀tí tó ti di ewé ti bá a jáde nìyẹn. Gígé yìí gan-an ni iṣẹ́ náà, nítorí ewéko tí ẹ bá fi sílẹ̀ tó wá jẹrà nínú táńkì á da gbogbo ohun tó ti mu padà sínú omi.

Ohun kan wà níbẹ̀ tó máa ń ya àwọn tó ti ń sin ẹja òkun tẹ́lẹ̀ lẹ́nu: ebi lè pa ewéko náà. Ẹni tó fẹ́ràn omi tí náítíréètì rẹ̀ jẹ́ òdo á rí i pé ewé ń funfun, ó ń já. Ní 1983, Atkinson àti Smith ṣe àkójọ èròjà ara àwọn ewéko òkun. Ó hàn pé fún átọ́ọ̀mù fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, náítírójìn bíi 30 ló wà lára wọn. Nínú àwọn ohun wínníwínní tó ń léfòó lójú òkun, 16 ni. Oúnjẹ náítírójìn ni ewéko yìí ń wá, kí náítíréètì bíi mílígíráàmù 5 sí 10 sì wà nínú lítà omi kan kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ìdí rèé tí mo fi gbà pé ẹ̀rọ tó ń fi ìhó fa ìdọ̀tí jáde kò yẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ewéko. Oúnjẹ ewéko ló ń kó dànù, owó yín ló sì ń ná láti ṣe é.

Ibi tó yẹ kí owó lọ ni omi, ìmọ́lẹ̀ àti ohun èlò ìwọ̀n. Ká sọ pé táńkì lítà 40 ni. Iyọ̀ tí wọ́n pò fún iṣẹ́ yìí ni kí ẹ rà, bíi gíráàmù 35 sí 38 fún lítà kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá fi háídírómítà wọ̀n ọ́n, ó yẹ kó ka 1.025 tàbí 1.026. Omi ẹ̀rọ tí wọ́n fi kílórìn sí gbọ́dọ̀ gba oògùn tó ń pa kílórìn kí nǹkan tó wọ inú rẹ̀. Omi òjò tó ṣàn lórí páànù kò dára, torí síńkì tó ń bá a wálẹ̀ lè pa ìgbín òkun àti edé. Ẹni tó wà l'Ékòó tó ń ronú pé òun á kàn lọ bu omi níbi tó sún mọ́ òun, kó ṣọ́ra: omi ọ̀sà kì í ṣe omi òkun, lásìkò òjò sì ni iyọ̀ inú ọ̀sà Èkó ń fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Oore kan tí ojú ọjọ́ wa ṣe ni pé ẹ kò ní ra hítà. Ooru gan-an ni ẹ ó máa bá jà, fáànù kékeré lórí omi sì tó fún un.

Iná LED funfun lásán, irú èyí tó dà bí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, tó. Ẹ tàn án fún wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Pọ́ǹpù kékeré kan tó ń rú omi ṣe pàtàkì, ẹ má sì jẹ́ kó dákẹ́ lóru, torí bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ewéko náà á kàn máa mu ọ́síjìn bíi ti ẹja. Níbi tí wọ́n ti ń mú iná lọ, kí ẹ ní pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ oníbátìrì.

Ohun tó ń ba táńkì kékeré jẹ́ jù ni pé omi ń fà lọ, iyọ̀ ò bá a lọ. Tí lítà 2 bá fà nínú 40, iyọ̀ tó jẹ́ gíráàmù 35 nínú lítà ti ń sún mọ́ 37. Ẹ fa ìlà sára gíláàsì, kí ẹ máa fi omi tí kò níyọ̀ dá a padà síbẹ̀ lójoojúmọ́.

Fún ìbẹ̀rẹ̀, Chaetomorpha tó dà bí òwú àti Gracilaria pupa ni mo máa mú, torí wọ́n lágbára. Ẹ fún bakitéríà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí ìgbín òkun àti edé tó wọlé. Ẹja ńkọ́? Kò sí kánjúkánjú, lítà 40 sì kéré fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àwọn kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé ọgbà yín ni wọ́n máa jẹ.

Caulerpa ni màá ní kí ẹ yẹra fún. Ó rẹwà, ó ń tètè dàgbà, ẹlẹ́gbẹ́ yín á sì fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Bó ti gùn tó, sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni, èérún tó bá já lára rẹ̀ sì lè di odidi. Nígbà mìíràn ó máa ń tú irúgbìn rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ara rẹ̀ á funfun, omi á dàrú, kò sì sẹ́ni tó máa kìlọ̀ fún yín. Ní 1984 ni wọ́n rí Caulerpa taxifolia nínú Òkun Mẹditaréníà, lábẹ́ ilé ìkóhun-òkun-sí ti Monaco. Láti ibẹ̀ ló ti gba etíkun kiri. Ní 2000, ó yọ nínú omi Agua Hedionda ní Carlsbad, ìpínlẹ̀ California. Wọ́n fi tapólì bò ó mọ́lẹ̀, wọ́n fi kílórìn sí abẹ́ rẹ̀, ó di 2006 kí wọ́n tó kéde pé ó ti tán. Owó tí wọ́n ná lé ní mílíọ̀nù méje dọ́là.

Nítorí náà, ewéko tí ẹ bá gé kò gbọ́dọ̀ wọ gọ́tà tàbí odò, irú yòówù kó jẹ́. Ẹ fi sínú fíríìsà fún wákàtí 24, tàbí kí ẹ sá a sóòrùn títí tó fi máa gbẹ pátápátá, kí ẹ tó dì í mọ́ pàǹtí ilé.