Ilé Kan Náà, Ayálégbé Mìíràn

Bí ayálégbé bá kó jáde, onílé kì í torí ẹ̀ wó ilé. Ẹlòmíràn ni yóò kó wọlé, ògiri kò ní yẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ṣe ń sọ èérún tín-ín-tín tí wọ́n ń pè ní nanoparticle di oríṣi mìíràn.

Raymond Schaak àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Yunifásítì Penn State, ní Amẹ́ríkà, máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá kéékèèké tí wọ́n fi bàbà àti imí ọjọ́ ṣe. Ẹ to ẹgbẹ̀rún irú ọ̀pá yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọn kò tó ìbú fọ́nrán irun orí kan. Imí ọjọ́ ni ògiri. Bàbà ni ayálégbé, nítorí ó ń rìn fàlàlà láàárín rẹ̀. Wọ́n á da ọ̀pá náà sínú omi kẹ́míkà tó ní trioctylphosphine, èyí tó fẹ́ràn bàbà púpọ̀. Á máa fa bàbà jáde, síńkì tó wà nínú omi náà á sì gba àyè rẹ̀. Bàbà kọ̀ọ̀kan gbé ẹyọ iná kan, síńkì gbé méjì. Nítorí náà, bí bàbà méjì bá jáde ni síńkì kan ń wọlé.

Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé wọn kì í jẹ́ kó parí. Síńkì díẹ̀ ni wọ́n á fi sí i, kó gba ìkángun ọ̀pá, kí bàbà ṣẹ́ kù láàárín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á pe kádímíọ̀mù tàbí kóbáàtì wọlé. Bí yàrá ṣe ń pọ̀ nínú ọ̀pá kan ṣoṣo nìyẹn.

Kí ni yàrá púpọ̀ wúlò fún? Bí ìmọ́lẹ̀ oòrùn bá kan kádímíọ̀mù tó bá imí ọjọ́ gbé, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù á já kúrò ní àyè rẹ̀. Bó bá tètè padà, ooru tàbí ìmọ́lẹ̀ lásán ló dà. Àmọ́ bí yàrá mìíràn bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó lè gbà á, ó lè pẹ́ níta débi tí yóò fi ṣiṣẹ́: kó yọ háídírójìn, tí í ṣe epo tí kì í rú èéfín, láti inú omi. Kádímíọ̀mù fúnra rẹ̀ májèlé ni o, ìyẹn kò ṣeé fojú fò.

Ní 2020, Schaak àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣírò pé irú ọ̀pá 65,520 ló lè ti inú ọgbọ́n yìí jáde. 113 ni wọ́n fi ọwọ́ ṣe nígbà náà.