Sò Ló Ń Gbé Ẹ̀gbẹ́ Dò

Kò sí ọmọ Yorùbá tó jókòó ní kíláàsì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí kò mọ dò, re, mí. Òun ni tíṣà fi kọ́ wa ní ohùn ìsàlẹ̀, ohùn àárín àti ohùn òkè. Ẹni tó bá wọ ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì á kọ́ ìyókù: fá, sò, là, tí. Lórí dùùrù, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, ojú sì ń rí wọn. Apá ọ̀tún àkọ́díọ̀nù oníkíì dùùrù náà rí bẹ́ẹ̀. Apá òsì ló máa ń dà wá lórí rú.

Bọ́tìnì kéékèèké ló kún ibẹ̀, 120 lórí èyí tó tóbi: ìlà 20, bọ́tìnì mẹ́fà-mẹ́fà lórí ìlà kan. Orúkọ Stradella ni ètò yìí ń jẹ́, ìlú kan ní àríwá Ítálì tí Mariano Dallapé ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àkọ́díọ̀nù ní 1876. Ẹni tó bá ń wá re lẹ́gbẹ̀ẹ́ dò níbẹ̀, á wá a tì. Sò ló wà lókè dò, níhà àgbọ̀n ẹni tó gbé e kọ́rùn. Òkè sò ni re, òkè re ni là, òkè là ni mí. Ìsàlẹ̀ dò, fá ni.

Ó jọ pé ẹnì kan kàn dà wọ́n síbẹ̀ ni, àbí? Ẹ mú orin ìyìn kan tí ẹ mọ̀ dáadáa, kí ẹ wo ibi tí báàsì rẹ̀ ń lọ. Á ti ọ̀dọ̀ dò lọ sí fá, á lọ sí sò, á padà sílé. Ọ̀pọ̀ orin ṣọ́ọ̀ṣì àti háíláìfù kò kọjá mẹ́ta yìí, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì fara kan ara wọn lábẹ́ ìka. Bí akọrin bá ní òun fẹ́ kúrò ní kíì C bọ́ sí D, ìlà méjì péré ni ọwọ́ á gùn sókè, ohun tí ìka ń ṣe ò sì ní yí padà. Onídùùrù tí kíì dúdú ti fìyà jẹ rí á mọ̀ pé oore ńlá nìyẹn.

Ọwọ́ ò ríran ṣá o. Abẹ́ okùn awọ ló wà, apá kan náà ló sì ń fa ẹwìrì, tó ń tì í. Ìdí nìyí tí wọ́n fi dá ihò kékeré tàbí òkúta wẹ́wẹ́ sí bọ́tìnì C, ìyẹn dò wa. Ìka tí òrùka ń wọ̀ ni kẹ́ ẹ fi wá a. Tó bá ti débẹ̀, ìka àárín á bọ́ sórí bọ́tìnì tó tẹ̀ lé e lórí ìlà kan náà. Ìyẹn kì í ṣe ohùn kan ṣoṣo: irin inú rẹ̀ ń ṣí dò, mí àti sò lẹ́ẹ̀kan náà, kọ́ọ̀dù odidi lábẹ́ ìka kan. Máínọ̀ ló tẹ̀ lé e. (Àwọn kan máa ń dúró síwájú dígí kí wọ́n lè rí ọwọ́ wọn. Èmi ò fara mọ́ ọn; ìka ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó mọ̀nà.)

Báàsì, kọ́ọ̀dù, báàsì, kọ́ọ̀dù. Omele ni ọwọ́ òsì, ọwọ́ ọ̀tún ni ìyáàlù. Ẹni tó bá di kọ́ọ̀dù mú pẹ́ á bo orin náà mọ́lẹ̀. Ẹ fọwọ́ kàn án, kẹ́ ẹ gbọ́wọ́ kúrò kíá.

Ẹ ṣọ́ra lọ́jà. Oní-12 kì í sábà ní máínọ̀ rárá. Oní-48 tó akẹ́kọ̀ọ́ í lò. Ẹ tẹ bọ́tìnì òsì kan mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ fa ẹwìrì, kẹ́ ẹ tún tì í. Bí ohùn bá yí padà, ìdílé àkọ́díọ̀nù kékeré oníbọ́tìnì mẹ́wàá nìyẹn, irú èyí tí I.K. Dairo mú wọ inú jùjú. Ó dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tirẹ̀ yàtọ̀.