Ó Dàárọ̀ Tàbí Ó Di Gbére? Ohun Tí Àjíǹde Jẹ́ fún Ẹni Tó Ń Ṣọ̀fọ̀

 

Ọ̀rọ̀ tòní kò rọrùn fún mi. Oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jáde láyé. Nọ́ńbà wọn ṣì wà lórí fóònù mi, mi ò lè pa á rẹ́. Voice note kan wà lórí WhatsApp tí wọ́n ti ń bi mí bóyá mo ti jẹun. Mo ṣì máa ń tẹ̀ ẹ́ gbọ́ lálẹ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, gbèsè ló kù nílẹ̀, owó ilé ìwé àwọn ọmọ wọn sì tún dé. Ẹnì kan sọ fún mi pé, “Má sunkún mọ́, àjíǹde ń bọ̀.” Mo ní, “Àmín.” Ṣùgbọ́n nínú mi lọ́hùn-ún, mo ń béèrè pé: kí ni ìyẹn máa ṣe fún mi lónìí? Ẹ jẹ́ ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹkún kì í ṣe àìnígbàgbọ́

Ẹ ka Jòhánù orí 11. Lásárù ti lo ọjọ́ mẹ́rin nínú ibojì ní Bẹ́tánì, abúlé kan tí kò ju nǹkan bíi kìlómítà mẹ́ta lọ sí Jerúsálẹ́mù. Kí Jésù tó gbéra rárá ló ti sọ fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ pé òun ń lọ jí i. Ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ máa já sí. Síbẹ̀, nígbà tó rí i tí Màríà ń sunkún, òun náà sunkún.

Bí ẹni tó mọ̀ pé òkú máa jí bá lè sunkún, ta ló wá ní ká pa tiwa mọ́ra? Pọ́ọ̀lù náà kò sọ fún àwọn ará Tẹsalóníkà pé kí wọ́n má banú jẹ́. Ohun tó ń sọ ni pé kí ìbànújẹ́ wọn má rí bíi ti ẹni tí kò nírètí kankan.

Ara náà máa jí

Ọ̀pọ̀ wa rò pé gbogbo ìrètí Kristẹni ni pé ọkàn á lọ sọ́run, ó parí. Àjíǹde jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní nǹkan bí ọdún 55, Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí ìjọ Kọ́ríńtì ní ilẹ̀ Gíríìsì, torí àwọn kan níbẹ̀ ń sọ pé òkú kì í jí. Ó sọ ọ́ láìfepobọyọ̀ pé bí Kristi kò bá jí, asán ni ìgbàgbọ́ wọn. Ó wá ka àwọn tó rí Jésù lẹ́yìn tó jíǹde: Pétérù, Jákọ́bù, àtàwọn èèyàn tó lé ní 500, tí ọ̀pọ̀ wọn ṣì wà láàyè nígbà tó ń kọ̀wé.

Ó fi irúgbìn ṣàpèjúwe ara wa. Ẹ wo àgbàdo. Hóró gbígbẹ la bò mọ́lẹ̀, ewé tútù ló hù jáde. Wọn ò jọra, ṣùgbọ́n inú hóró yẹn náà ló ti wá. Ó tún pe Kristi ní àkọ́so. Àgbẹ̀ tó bá já àgbàdo àkọ́kọ́ kò tíì kórè tán, ṣùgbọ́n ó ti mọ̀ pé ìyókù ń bọ̀.

Létí ibojì, àwọn kan máa ń sọ pé “ó di gbére.” Àwọn mìíràn á ní “ó dàárọ̀,” ohun kan náà tí à ń sọ lálaalẹ́ fún ẹni tí a retí láti rí láàárọ̀. Èyí tí Kristẹni gbà gbọ́ nìyẹn.

Kí la máa ṣe lónìí?

Ibí yìí ló yà mí lẹ́nu jù. Ẹsẹ 58 ni Pọ́ọ̀lù fi sọ̀rọ̀ àjíǹde ní orí 15. Èyí tó gbẹ̀yìn sọ pé iṣẹ́ tí a ń ṣe fún Olúwa kò ní já sí asán. Ẹ wá ṣí orí 16: owó tí wọ́n máa dá jọ fún àwọn aláìní ní Jerúsálẹ́mù ló kàn! Lójú Pọ́ọ̀lù, ẹni tó gbà pé òkú máa jí kò gbọ́dọ̀ gbàgbé ẹni tí ebi ń pa.

Mo rí i fúnra mi. Àwọn ìyá mẹ́ta kan wá sílé wa lọ́jọ́ Sátidé kan. Wọn ò wàásù. Wọ́n gbé ìrẹsì wá, wọ́n bá wa fọṣọ, wọ́n sì san owó ilé ìwé táàmù kan. Wọ́n jókòó, wọ́n ní kí n sọ ìtàn ẹ̀gbọ́n mi fún àwọn. Ọjọ́ yẹn ni “àjíǹde ń bọ̀” wọ̀ mí létí.

Nítorí náà, bí ẹ bá mọ ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, ẹ má fi “ẹ kú ìrọ́jú” nìkan ránṣẹ́. Ẹ pè é. Ẹ dárúkọ ẹni tó lọ, ẹ má sá fún un. Ẹ bi í léèrè ohun tó kù nílé. Bí oṣù mẹ́ta bá sì kọjá, tí àwọn èèyàn ti túká, ẹ tún pè é.

Bó bá sì jẹ́ ẹ̀yin gan-an lẹ̀ ń sunkún, ẹ sun ún. Ìrètí yín kò tíì kú.

Ó dàárọ̀ o.