Ohùn Ìyá Wà Nínú Kásẹ́ẹ̀tì: Ọ̀rọ̀ Lórí Yíyan Kámẹ́rà Fídíò àti Lílò Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ kámẹ́rà fídíò ni a fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí. Ohun tí ó fà á ni ìsìnkú ìyá wa àgbà kan ní Sábọ́n-Gàrí níbí, tí púpọ̀ nínú yín bá wa ṣe.

Ẹ mọ ìyá náà dáadáa. Àwọn ni wọ́n máa ń ki ọmọ tuntun ní gbogbo ìkómọjáde wa, nítorí pé nínú àwa tí a wà ní Kánò, kò sí ẹlòmíràn tí ó mọ oríkì àwọn ìdílé wa tó wọn. Ní ọdún 2004, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wọn tí ó ti òkè òkun dé gbé kámẹ́rà kékeré kan kalẹ̀ níwájú wọn. Ó ní kí wọ́n sọ bí wọ́n ṣe bá ọkọ wọn wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí Kánò, kí wọ́n sì ki ìdílé náà. Wákàtí kan gbáko ni wọ́n fi sọ ọ́.

Nígbà tí Ìyá dolóògbé, àwọn ọmọ wá kásẹ́ẹ̀tì náà, wọ́n sì rí i nínú àpótí aṣọ. Ẹ̀rọ tí yóò gbé ohùn inú rẹ̀ jáde ni wọn kò rí. Kámẹ́rà tí a fi ṣe é ti bàjẹ́ tipẹ́. A wá irú rẹ̀ dé Farm Centre, a wá a dé Beirut Road. Àwọn ọmọdé tí ń ta fóònù níbẹ̀ yí kásẹ́ẹ̀tì náà lọ yí i bọ̀, wọn kò mọ ohun tí í ṣe. Ọmọ Yorùbá kan ní Jos ni ó padà rí irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ nínú yàrá bàbá rẹ̀. Nígbà tí a ó fi wò ó, àwòrán mọ́ kedere, ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ń dún lábẹ́ fèrèsé. Oríkì ìdílé tí a bí Ìyá sí, a gbọ́ ọ. Oríkì ìdílé ọkọ wọn, gbólóhùn bí i mẹ́fà péré ni a rí mú nínú rẹ̀. Kò sì sí ẹni tí a ó tún bi mọ́.

Irú kásẹ́ẹ̀tì yẹn ni à ń pè ní MiniDV. Ọdún 1995 ni kámẹ́rà rẹ̀ kọ́kọ́ dé ọjà. Ṣáájú rẹ̀, VHS àti Hi8 ni a mọ̀; bí a bá ṣe ẹ̀dà wọn, tí a tún ṣe ẹ̀dà ẹ̀dà, àwòrán a máa ṣá bí aṣọ tí oòrùn pa. Ti MiniDV kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé nọ́ńbà ni ẹ̀rọ náà ń kọ sí ara téèpù, ẹ̀dà a sì dà bí ti àkọ́kọ́ gẹ́lẹ́. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n kò sí ilé iṣẹ́ tí ń ṣe kámẹ́rà onítéèpù fún ará ilé mọ́. Káàdì ni ti ìsinsìnyí ń lò, fóònù sì ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ kámẹ́rà nínú ọ̀pọ̀ ilé.

Àwọn kan yóò bi wá pé, kí ni a tún ń ra kámẹ́rà fún nígbà tí fóònù wà lápò? Fún ọmọ tí ń kọ́ ìrìn, tàbí ijó ìṣẹ́jú méjì, fóònù tó. Ṣùgbọ́n bí ètò bá gùn, ìpè lè wọlé láàárín àdúrà, oòrùn Kánò lè mú fóònù gbóná títí yóò fi kú, àyè inú rẹ̀ sì lè kún kí ìyàwó tó jókòó. Kámẹ́rà fídíò gidi ní bátìrì tí a lè yọ kí a sì fi òmíràn sí i, awò rẹ̀ sì ń fa ohun tí ó jìnnà súnmọ́ tòótọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ lo fóònù ṣá, kí ó pa ìpè rẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ rà, yálà tuntun tàbí tòkunbọ̀, ihò máíkì ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Kámẹ́rà tí kò bá ní ihò máíkì, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ó ni í, bí ó ti wù kí ó dán tó. Máíkì tí ó wà lára kámẹ́rà, ohun tí ó bá sún mọ́ ọn ni ó ń gbọ́. Bí kámẹ́rà bá wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn, ọ̀rọ̀ àwọn tí ń jẹun lẹ́yìn ni ẹ ó gbọ́ nílé. Máíkì kékeré tí a ń so mọ́ ọrùn aṣọ kò wọ́n púpọ̀, òun ni ì bá sì gba Ìyá wa lọ́wọ́ jẹnẹrétọ̀ yẹn.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí nọ́ńbà ńlá tí a kọ sí ara kámẹ́rà dẹ yín. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé ó ń fa nǹkan súnmọ́ ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún méje, ẹ bi wọ́n pé mélòó ni ti awò fúnra rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní optical. Ìyókù, àwòrán ni ó kàn ń fẹ̀, ojú ènìyàn a sì di àmì onígun mẹ́rin mẹ́rin.

Àwọn ará wa tí ń bọ̀ láti Amẹ́ríkà a máa mú kámẹ́rà bọ̀ fún wa, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n iná tọ́hùn-ún yàtọ̀ sí tiwa. Ìgbà 60 ni tiwọn ń yí ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìgbà 50 ni tiwa. Ìdí nìyẹn tí àwòrán fi máa ń ṣẹ́jú lábẹ́ iná ọ̀pá gbọ̀ngàn wa. Bí ẹ bá rí 50Hz tàbí PAL nínú ètò kámẹ́rà náà, ẹ yí i síbẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ fi shutter rẹ̀ sí 1/50 tàbí 1/100. Kí ẹ sì ka ìdí ṣájà rẹ̀. Bí ó bá kọ 100-240V, kò sí ewu. Bí ó bá jẹ́ 120V nìkan, ẹ má kì í bọ iná wa, yóò jó.

Ní ti lílò rẹ̀, ìwọ̀nba ni a ó sọ. Ẹ má ṣe fi ojú ọ̀run sí ẹ̀yìn ènìyàn. Kámẹ́rà yóò ṣe ti ojú ọ̀run, ojú àwa aláwọ̀ dúdú yóò sì dùdù bí ìdí ìkòkò. Ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé bọ́ sí ojú olúwarẹ̀. Ẹ gbé kámẹ́rà ka ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ sì ní sùúrù lórí ohun kan kí ẹ tó yí i sí òmíràn. Ní àsìkò ọyẹ́ yìí, ẹ má ṣe pààrọ̀ kásẹ́ẹ̀tì tàbí káàdì níbi tí eruku ti ń fẹ́. A ó sì jọ̀wọ́ yín, ẹ má bínú: owó níná ni ó kún inú ọ̀pọ̀ fídíò òde wa. A mọ ẹni tí ó ná owó, ṣùgbọ́n a kò gbọ́ ohun tí bàbá ìyàwó sọ.

Bí ẹ bá fẹ́ ká ohùn àgbà sílẹ̀, ẹ yan ọjọ́ tí kò sí òde. Ẹ ní kí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀, ẹ fi íápíìsì sétí, kí ẹ sì gbọ́ ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sọ orúkọ wọn, orúkọ bàbá àti ìyá wọn, ìlú, agboolé, àti ọdún tí wọ́n dé ìhín. Lẹ́yìn náà kí ẹ dákẹ́. Àgbà tí ó bá sinmi díẹ̀ kò tíì parí ọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ náà gan-an ni kí ẹ ti ṣe ẹ̀dà méjì, kí ọ̀kan wà ní ilé ẹlòmíràn, bóyá nílé wa ní ìlú. Ẹ má sì ra káàdì olówó pọ́ọ́kú. Ayédèrú pọ̀ lọ́jà, tí wọ́n kọ 256GB sí lára tí kò sì gba ìdá mẹ́wàá rẹ̀. Ẹ kún un nílé kí ẹ tó gbé e lọ sóde.

Ní ti kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́, okùn tí à ń pè ní FireWire ni ó ń gbé e láti inú kámẹ́rà lọ sínú kọ̀ǹpútà. Ihò USB tí ó wà lára púpọ̀ nínú àwọn kámẹ́rà náà, fọ́tò lásán ni ó sábà máa ń gbé. Kásẹ́ẹ̀tì oníwákàtí kan ń gba wákàtí kan, kò ṣe é kánjú, àyè rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà sì tó bí 13GB.

Ọmọ wa láti Jos ti ṣèlérí pé òun yóò gbé kámẹ́rà bàbá òun wá sí ìpàdé oṣù tí ń bọ̀, okùn àti kọ̀ǹpútà wà lọ́wọ́ wa. Ẹni tí ó bá ní MiniDV nílé kí ó mú un wá ní òwúrọ̀, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé ni a ó kọ́kọ́ dá lóhùn. Ẹ fa ohun kékeré tí ó wà ní ẹ̀yìn kásẹ́ẹ̀tì sí SAVE, kí ẹnikẹ́ni má baà ká nǹkan mìíràn lé e, kí ẹ sì kọ orúkọ ìdílé yín sí i lára.