Ó Le Kú: Ìtàn Ìfẹ́ Tí Àárò Rẹ̀ Kò Tán

Ó Le Kú wà lára àwọn ìtàn ìfẹ́ tí àwọn Yorùbá fẹ́ràn jù lọ. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ọ́, ìwé náà sì jáde ní ọdún 1974. Ní ọdún 1997, Túndé Kèlání sọ ọ́ di fíìmù. Láti ìgbà náà ni ìtàn yìí ti ní ìyè mẹ́ta: ìyè nínú ìwé, ìyè lójú fíìmù, àti ìyè lára aṣọ, nítorí ìró àti bùbá kan wà tí gbogbo aránṣọ ń fi orúkọ rẹ̀ pè. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ kò dẹ́kun àtimáa rántí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ohun kan náà ni gbogbo wọn ń rántí.

Oṣù Kejìlá ọdún 1939 ni wọ́n bí Akínwùmí Ìṣọ̀lá ní Ìbàdàn. Ó kàwé ní Wesley College, ó sì kọ́ èdè Faransé ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ìgbà tó wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ ló kọ Ẹfúnṣetán Aníwúrà, eré onítàn tó kọ́kọ́ gbé orúkọ rẹ̀ jáde. Lẹ́yìn náà ló gba oyè kejì nínú èdè Yorùbá ní Yunifásítì Èkó, ó sì ṣe olùkọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Yunifásítì Ifẹ̀, níbi tó ti di ọ̀jọ̀gbọ́n ní ọdún 1991. Ó jáde láyé ní oṣù Kejì ọdún 2018. Ẹni tó ti gbé ọgbà yunifásítì gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ kò nílò kí ẹnikẹ́ni ròyìn rẹ̀ fún un kó tó lè kọ ọ́.

Kí Ó Le Kú tó dé, ohun mìíràn ló ti mọ́ àwọn òǹkàwé Yorùbá lára. Láti ọdún 1938 tí Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti jáde ni ìtàn ọdẹ, iwin àti igbó kìjikìji ti gba ọkàn àwọn ènìyàn. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí tẹ̀lé e pẹ̀lú Àjà Ló Lẹrù ní ọdún 1969, ìtàn ọ̀daràn àti ọlọ́pàá. Ìṣọ̀lá wá yà síbòmíràn. Kò sí iwin nínú ìtàn tirẹ̀, kò sí adigunjalè. Ọmọ yunifásítì tó ń wá ìyàwó ló fi ṣe ẹni tí a ń bá kiri. Èdè ibẹ̀ náà kì í ṣe èdè ọdẹ. Ọ̀rọ̀ tí ọ̀dọ́ ń bá ọ̀dọ́ sọ ni, tí ẹ̀rín àti àwàdà kún inú rẹ̀, tí òwe sì ń bọ́ síbi tó yẹ ẹ́ láìṣe àṣejù.

Àjàní ni orúkọ ọ̀dọ́kùnrin náà. Ó ti dé ọdún tí yóò jáde ní Yunifásítì Ìbàdàn, ìyá rẹ̀ sì ń rọ̀ ọ́ pé kó mú ìyàwó wálé. Ọ̀rọ̀ ìyá kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ọmọbìnrin mẹ́ta ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà: Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé. Bí ọkàn Àjàní ṣe ń fà sọ́tùn-ún ló tún ń fà sósì, bẹ́ẹ̀ ni àkókò kò dúró dè é. Ohun tó mú ìtàn náà wọ àwọn ènìyàn lára ni pé kò sí ẹni tí kò mọ irú Àjàní kan. Àwọn òbí gbà pé ìyá rẹ̀ kò jẹ̀bi. Àwọn ọ̀dọ́ gbà pé ìfẹ́ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fipá mú ènìyàn ṣe. Ìwé náà kò sì bá ẹnikẹ́ni dá ẹjọ́ náà. Òǹkàwé ló ń jiyàn lórí rẹ̀ títí di òní.

Ọ̀pọ̀ ló kọ́kọ́ pàdé ìtàn yìí ní iléèwé girama. Ìwé kan ṣoṣo lè kọjá lọ́wọ́ ọmọ kíláàsì kan tán, kí ẹ̀yìn rẹ̀ tó já. Ẹni tó bá kà á lọ́jọ́ orí 15 tàbí 16 máa ń rántí ju ìtàn lọ: ó ń rántí ẹni tó yá a ní ìwé, ó ń rántí ibi tó jókòó sí kà á, ó sì ń rántí Àṣàkẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ yà sọ́kàn, tí kò jọ ti ẹnikẹ́ni mìíràn.

Fíìmù dé lẹ́yìn ọdún 23. Àwọn ọdún 1970 àti 1980 ni wọ́n ti ń ya fíìmù Yorùbá sórí sẹ́lúlọ́ìdì, tí àwọn ènìyàn ń rọ́ lọ sí sinimá láti wo iṣẹ́ bíi ti Hubert Ògúndé. Àmọ́ owó òkèèrè ni wọ́n fi ń ra sẹ́lúlọ́ìdì. Nígbà tí SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1986 tí náírà sì já wálẹ̀, agbára ọ̀pọ̀ òṣèré kò ká a mọ́. Fídíò ló gbà wọ́n sílẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì VHS kò wọ́n, tẹlifíṣọ̀n ilé sì rọ́pò gbọ̀ngàn sinimá. Túndé Kèlání, tó kọ́ iṣẹ́ fíìmù ní Lọ́ńdọ̀nù tó sì ti di kámẹ́rà mú fún ọ̀pọ̀ fíìmù àwọn ẹlòmíràn, dá ilé iṣẹ́ fíìmù Mainframe sílẹ̀ ní àsìkò yìí. Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ jáde ní ọdún 1993, lẹ́yìn náà ni òun àti Ìṣọ̀lá di ẹlẹgbẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Kòṣeégbé jáde ní ọdún 1995, Ó Le Kú ní 1997, Ṣaworoidẹ ní 1999, Agogo Èèwọ̀ ní 2002. Yẹmí Ṣódìmú ló ṣe Àjàní nínú Ó Le Kú, Fẹ́yikẹ́mi Abọ́dúnrìn ló sì ṣe Àṣàkẹ́.

Apá méjì ni wọ́n ṣe fíìmù náà. Nígbà náà, ẹni tó bá wo apá kìíní tán lálẹ́ ọjọ́ Sátidé kò ní lè sùn dáadáa bí ilé tí wọ́n ti ń yá kásẹ́ẹ̀tì bá sọ pé apá kejì wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bí iná bá sì lọ láàárín, gbogbo ará ilé àti aládùúgbò tó wá wòran yóò jókòó sínú òkùnkùn, wọn yóò máa bá ara wọn jiyàn lórí ẹni tó yẹ kí Àjàní fẹ́. Bí wọ́n bá wò ó tán, wọ́n gbọ́dọ̀ ká a padà sí ìbẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó dá a padà fún oníkásẹ́ẹ̀tì. Irú wíwò báyìí, tí kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo, wà lára ohun tí àárò rẹ̀ ń sọ àwọn tó dàgbà ní ìgbà náà.

Àríyànjiyàn tó wà láàárín àwọn tó ka ìwé àti àwọn tó wo fíìmù kò parí rárá. Àwọn oníwé ní fíìmù kò lè ráyè sọ gbogbo ohun tó wà lọ́kàn Àjàní. Ojú ìwé méjì gbáko ni òǹkọ̀wé lè fi ṣe àlàyé iyèméjì kan, bẹ́ẹ̀ ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni kámẹ́rà ní. Àwọn onífíìmù ní ìwé kò ní ohùn, kò ní orin, kò ní ojú tí ènìyàn lè wò. Òótọ́ wà lẹ́nu àwọn méjèèjì. Èyí tó ṣọ̀wọ́n ni pé òǹkọ̀wé kò bá olùdarí fíìmù jà. Ìṣọ̀lá gbà pé fíìmù lè gbé èdè Yorùbá dé ibi tí ìwé kò lè dé, ó sì bá a lọ láti máa kọ fún Kèlání. Ṣaworoidẹ tilẹ̀ gba ọ̀nà òdì kejì: ó kọ́kọ́ jẹ́ fíìmù kó tó di ìwé.

Ohun tí ìwé kò lè ṣe, tí fíìmù sì ṣe láìṣòro, ni ti aṣọ. Kèlání fi ìmúra àwọn ọdún 1960 àti ìbẹ̀rẹ̀ 1970 wọ àwọn ọmọbìnrin inú fíìmù náà. Ìró àwọn àgbà obìnrin máa ń gùn dé ọrùn ẹsẹ̀. Ti inú fíìmù yìí dúró sí orúnkún, nígbà mìíràn ó tún ga díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bùbá rẹ̀ kúrú, kò bo ìdí, apá rẹ̀ fẹ̀, kò sì kọjá ìgúnpá. Gèlè rẹ̀ kéré, kò ga fíofío bíi ti òde ìsinsìnyí. Kò pẹ́ tí fíìmù jáde tí àwọn obìnrin fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé aṣọ lọ sọ́dọ̀ aránṣọ, tí wọ́n ń ní kí wọ́n rán Ó Le Kú fún àwọn. Àǹkárá ni, léèsì ni, aṣọ òfì ni. Ní Ìlọrin, ìlú tí a mọ̀ fún híhun aṣọ òfì, ó bá ọjà tó ti wà nílẹ̀ mu. Àwọn tí kò fẹ́ kí orúnkún hàn a sì ní kí wọ́n fi gígùn díẹ̀ kún un. Àṣà náà lọ, ó tún bọ̀, ẹ̀ẹ̀kan kọ́, ẹ̀ẹ̀mejì kọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin tó ń wọ̀ ọ́ sí ìgbéyàwó lónìí kò tíì ka ojú ìwé kan nínú Ó Le Kú.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ àárò náà ti jinlẹ̀. Ìgbà tí ìwé jáde ní ọdún 1974, ó ti ń wẹ̀yìn wo ayé ọgbà yunifásítì tó ti ń kọjá lọ. Ìgbà tí fíìmù jáde ní ọdún 1997, nígbà tí ìjọba ológun àti ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ ti ba yunifásítì jẹ́, ó ń wẹ̀yìn wo ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ ń jẹun dáadáa, tí iṣẹ́ sì ń dúró de ẹni tó bá gboyè. Àwọn tó ń wo fíìmù náà lónìí tún ń wẹ̀yìn wo 1997: ìgbà kásẹ́ẹ̀tì, ìgbà tí ogunlọ́gọ̀ ń kóra jọ sídìí tẹlifíṣọ̀n kan. Ìran kọ̀ọ̀kan ń ṣàárò ohun tí ìran tó ṣáájú rẹ̀ náà ti ṣàárò tán.

Kì í ṣe àwọn Yorùbá nìkan ló ń sọ ìwé di fíìmù, tí àárò rẹ̀ sì ń sọ wọ́n. Ní Jàpáànù, ìtàn aláwòrán inú ìwé, èyí tí wọ́n ń pè ní mánga, ló sábà máa ń ṣáájú, kí ánímè, àwòrán tó ń rìn lójú tẹlifíṣọ̀n, tó tẹ̀lé e. Ní ọdún 1975, ọdún kan lẹ́yìn Ó Le Kú, ni mánga Candy Candy bẹ̀rẹ̀, ìtàn ìfẹ́ ọmọ òrukàn kan. Kyoko Mizuki ló kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, Yumiko Igarashi ló ya àwòrán rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Toei sọ ọ́ di ánímè láti ọdún 1976 sí 1979, apá 115 ni, ó sì dé Faransé, Ítálì àti gúúsù Amẹ́ríkà. Nígbà tó yá, òǹkọ̀wé àti ayàwòrán gbé ara wọn lọ sí ilé ẹjọ́ lórí ẹni tó ni ín. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Jàpáànù fọwọ́ sí ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ní ọdún 2001, àmọ́ àárín wọn kò tòrò mọ́, ìtàn náà kò sì padà sórí igbá bó ṣe yẹ. Ẹ̀dà àtijọ́ ni àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ń dì mú káàkiri ayé.

Ó Le Kú kò ní irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ìṣòro tirẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀dà láìgbàṣẹ ti jẹ ilé iṣẹ́ fíìmù Yorùbá níyà, Kèlání fúnra rẹ̀ sì ti ké gbàjarè lórí rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Kásẹ́ẹ̀tì VHS kì í pẹ́ títí. Tépù rẹ̀ ń bu, àwòrán rẹ̀ ń ṣá. Ní ìgboro bíi Challenge ní Ìlọrin, níbi tí ṣọ́ọ̀bù fóònù àti kọ̀ǹpútà ti tò gbọọrọ, fíìmù àtijọ́ lè ti inú mẹ́mórì kan bọ́ sínú òmíràn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ó rọrùn fún olùwòran, àmọ́ kọ́bọ̀ kan kì í dé ọwọ́ ẹni tó ṣe é, bí àdàkọ sì ṣe ń bí àdàkọ ni àwòrán ń ṣókùnkùn sí i. Ìwé ló dára jù ní ti èyí: wọ́n ṣì ń tẹ̀ ẹ́.

Nítorí náà, ẹni tó mọ Ó Le Kú lára aṣọ nìkan, kó lọ ra ìwé rẹ̀ kà. Ẹni tó ti kà á, kó fún ọmọ rẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ wo fíìmù náà, kó wá ojúlówó ẹ̀dà, kó san owó rẹ̀. Bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, aṣọ nìkan ni yóò kù.